Àga Olókùn Àlòkù Lórí Òkè Yìnyín: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àga olókùn ló gba iwájú nínú lẹ́tà yín, pàápàá lẹ́tà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ iná ní àwọn òkè síkì kéékèèké ní Amẹ́ríkà. Fún òǹkàwé tí kò tíì rí i rí: okùn wáyà kan tí wọ́n so ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí òrùka ló ń yí láàárín kẹ̀kẹ́ ńlá méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ òkè, ọ̀kan lórí rẹ̀. Òpó irin ló gbé okùn náà ró lọ́nà, àga sì so rọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi síkì, pátákó tín-ín-rín tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín á jókòó nísàlẹ̀, á dìde lókè. Oríṣi tí àga rẹ̀ kì í tú kúrò lára okùn là ń sọ, torí òun ni àwọn òkè kéékèèké sábà máa ń rà ní àlòkù.

Láti Vermont
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Òkè ńlá kan fẹ́ fún wa ní àga olókùn ẹlẹ́ni mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá ti lè tú u kó kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Tiwọn gùn tó mítà 1,000, ó sì fi mítà 250 gòkè. Òkè tiwa kò ju mítà 640 lọ ní gígùn, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 150. Ọ̀gá wa ní ká sáà gé okùn kúrú, ká fi òpó díẹ̀ sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó?

Ẹ bá wa kí ọ̀gá yín, ṣùgbọ́n kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àga olókùn dà bí agbádá tí télọ̀ gé sí ara ẹnì kan; ẹ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n télọ̀ ní láti tún un gé. Níbi tí ilẹ̀ bá wú bí ẹ̀yìn ìjàpá, òpó gbọ́dọ̀ gbé okùn sókè, rólà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí okùn ń sá lé, á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ga lójijì, okùn á fẹ́ fò sókè, òpó ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, rólà á wà lórí rẹ̀. Bí rólà ṣe pọ̀ tó lórí òpó kan, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo tí okùn ń gbé lé e níbẹ̀ ló sọ ọ́. Bí ìwúwo bá pọ̀ jù, rọ́bà ètí rólà á tètè jẹ, bíárìn rẹ̀ á gbó. Bó bá kéré jù, atẹ́gùn kan báyìí á gbé okùn kúrò lójú rólà, ìyẹn ló sì burú jù.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, ẹ gba sọ̀fíyọ̀ kó wọn ilẹ̀ yín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kẹ́ ẹ sì gbé ìwọ̀n náà fún ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ àga olókùn. Á ṣírò okùn náà nígbà tí àga ṣófo, nígbà tí ọwọ́ okùn tó ń gòkè kún fún èèyàn, àti nígbà tí bíréèkì bá gbá a mú lójijì pẹ̀lú ẹrù. Lẹ́yìn ìṣirò yẹn ni á tó lè sọ èwo nínú òpó wọn ló bá ilẹ̀ yín mu, èwo la ó gé, èwo la ó jó irin kún.

Ohun tó dára nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ ń gé kúrú ni, ẹ kò fà á gùn. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí okùn bá ń sá mítà 2.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àga kan sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà mẹ́fà, àlàfo àárín àga méjì jẹ́ mítà 13.8. Àga 600 ló máa kọjá ní wákàtí kan, ìyẹn èèyàn 1,800. Lórí òkè tiwọn, àga bíi 145 ló wà lára okùn. Tiyín kò ní ju bíi 93 lọ. Ẹ kó gbogbo 145 náà wálé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè ti kógbá wọlé, ọjọ́ tí àga tàbí gíríìpù, irin tó di àga mọ́ okùn, bá sì bàjẹ́, inú àádọ́ta tó ṣẹ́ kù lẹ ó ti mú.

Ní ti agbára, kílò 77 ni wọ́n ń kà fún èèyàn kan ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 1,800 ní wákàtí kan jẹ́ kílò 38.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti gbé e gun mítà 150, ó máa gba bíi kílówáàtì 57. Láti gbé e gun 250 bíi tiwọn, bíi 94. A kò tíì ka agbára tí rólà ń jẹ àti èyí tó ń lọ nígbà tí okùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Mọ́tò iná wọn àti gíábọ́ọ̀sì wọn yóò ju tiyín lọ, ìyẹn kò sì burú. Ká ní òdìkejì ni, pé ẹ fẹ́ fi àga òkè kúkúrú gun òkè gíga, a ó ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ béèrè ohun kan sí i: ibo ni mọ́tò wọn wà? Mọ́tò tó wà lókè máa ń fa okùn dáadáa ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí ọwọ́ tó kún fún èèyàn ló ń fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba kò bá kọjá ìsàlẹ̀ òkè yín, owó tẹ́ ẹ máa fi fa wáyà iná dé òkè lè ju owó tí ẹ rò pé ẹ fi ọ̀fẹ́ pa mọ́ lọ.

Láti New Hampshire
Àga tí a fẹ́ rà gba àmì àyẹ̀wò lọ́dún tó kọjá níbi tó wà. Ṣé àmì yẹn kò ní tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ wa?

Kò ní tẹ̀lé e. Ìlànà ANSI B77.1 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà sọ pé àga tí wọ́n bá tú, tí wọ́n sì tún tò síbòmíràn, àga tuntun ni lójú òfin. Gbogbo àforíjì tí ìgbà àtijọ́ ṣe fún un ti tán lọ́jọ́ tí wọ́n tú u. Bí ó bá jẹ́ àga 1975, bíréèkì rẹ̀, swíìṣì rẹ̀, àkàbà òpó rẹ̀ àti àyè tó wà láàárín àga àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlànà ọjọ́ òní mu. Àwọn alábẹ̀wò ìpínlẹ̀ yóò béèrè àwòrán tí ẹnjiníà fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò kankan, ẹ má sì dúró dìgbà tí irin bá dé kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn.

Ẹ tún wo ti àsìkò. Òkè Magic Mountain ní Vermont ra àga ẹlẹ́ni mẹ́rin tí Stratton, tó wà nítòsí rẹ̀, ń bọ́ sílẹ̀ ní 2018. Ọdún 2024 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn. Ẹni tó bá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ti tó fún òkè kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Láti Colorado
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa láti tú àga ẹlẹ́ni méjì kan kó. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, kí ni a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé síbẹ̀?

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, kí irin tó tẹ̀ lé e: àwòrán àtilẹ̀wá, ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àbájáde ìdánwò ẹrù, ìwé àyẹ̀wò gíríìpù lọ́dọọdún, àkọsílẹ̀ òróró gíábọ́ọ̀sì, àti gbogbo ìkìlọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ti fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó ti tà á. Àga tí kò ní ìwé, irin pàǹtí ló jẹ́, bó ti wù kó máa dán tó.

Nígbà tí okùn ṣì le, tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà nídùúró, ẹ ya fọ́tò òpó kọ̀ọ̀kan láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọn ibi tí kẹ̀kẹ́ tó ń fa okùn le dúró sí lórí irin tó ń yọ̀ lé. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára òpó, sára apá rẹ̀ àti sára ọ̀wọ́ rólà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ èwo ni ọwọ́ tó ń gòkè, èwo ni ọwọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin á ti já kí ọkọ̀ tó dé ilé. Ọ̀dà kì í já.

Àga ló kọ́kọ́ ń kúrò. Ẹ rọra yí okùn, kẹ́ ẹ máa tú wọn ní ìsàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ okùn: ẹ gbé kọnkéré tó ń fà á le sórí pákó, tàbí kẹ́ ẹ tú òróró inú páìpù tó ń tì í. Ibi tó léwu jù rèé. Okùn tó dà bíi pé ó ti dẹ̀ ṣì ní ìwúwo gbogbo òkè nínú, ẹni tó bá gé e láì kọ́kọ́ fi kílááǹpù àti ṣéènì dì í mú lápá méjèèjì, okùn náà á nà bí ejò, kò sì sí ẹni tó lè sá fún un.

Lẹ́yìn okùn ni rólà, lẹ́yìn rólà ni apá òpó, òpó gan-an ló kẹ́yìn. Ẹ má fi iná gé nọ́ọ̀tì ìdí òpó bí kò bá di túláàsì, torí iná á jó ẹsẹ̀ òpó, ihò bóòtù á sì bàjẹ́. Ẹ da òróró sí i ní alẹ́, kẹ́ ẹ padà wá ní àárọ̀. Bóòtù náà kò ní bá yín lọ, inú kọnkéré wọn ló wà; nítorí náà ẹ fi páálí ya ihò ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, ẹ kọ nọ́ńbà òpó sí i. Páálí yẹn lẹ ó fi rọ bóòtù tuntun. Ẹ yẹ ìbú kẹ̀kẹ́ ńlá wò pẹ̀lú: bó bá ju mítà 2.6 lọ, ọkọ̀ tó máa gbé e gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ẹrù fífẹ̀, bí ẹ kò bá lè gbé e ní ìnàró tàbí kẹ́ ẹ tú u sí méjì.

Láti Colorado kan náà, ẹlòmíràn
Ṣé a lè lo okùn wọn? Kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ.

A kò ní gbà yín níyànjú. Inú okùn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú kò lè rí i. Ibi tí gíríìpù ti dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún ti fẹ̀, àwọn wáyà ibẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ tún ti gé e, ẹ sì ti wé e mọ́ igi. Okùn tuntun ni kẹ́ ẹ fi sínú ìṣirò owó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó máa so ẹnu rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fi iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ṣe. Kì í ṣe kókó ni wọ́n ń ta. Wọ́n á tú okùn mẹ́fà tó para pọ̀ di wáyà náà, wọ́n á hun ti apá kan mọ́ ti apá kejì, wọ́n á sì ki orí kọ̀ọ̀kan sínú, kí okùn náà má bàa nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Gígùn ibi ìsopọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó ìgbà 1,200 ìbú okùn, ó kéré tán: fún okùn mìlímítà 28, mítà 33.6 nìyẹn. Ẹ fi èyí kún gígùn okùn tẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ má sì gbé gíríìpù lé ibi tí wọ́n ki orí sí. Okùn tuntun máa ń nà ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó ń fà á le ní àyè láti sún sẹ́yìn. A ti rí ibi tí wọ́n fi í sí ìdí àyè náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ní láti tún okùn gé, tún un so, láàárín ìgbà tí èèyàn ti ń wọlé.

Láti Ìbàdàn
Ta ló kọ́kọ́ ronú nǹkan yìí?

James Curran, ẹnjiníà iléeṣẹ́ rélùwéè Union Pacific, fún òkè Sun Valley ní Idaho ní 1936. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi kọ́ ọ: ó ti rí ìkọ́ irin tó ń gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lórí okùn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó wá fi àga rọ́pò ìkọ́.

Láti Vermont
Òpó àti àga tí a rà dán, ọ̀dà rẹ̀ tutù. Ṣé dandan ni ká tún yẹ̀ wọ́n wò?

Ọ̀dà tutù ló yẹ kó kọ́kọ́ kó ìfura bá yín. Ẹ bó o kúrò. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀: ọrùn àga níbi tó ti pàdé gíríìpù, igun apá òpó, àti àwọn ẹsẹ̀ tó so àárín kẹ̀kẹ́ ńlá mọ́ ètí rẹ̀. Wọ́n á fi òòfà sára irin, wọ́n á wọ́n lẹ́búlẹ́bú irin sí i. Níbi tó bá ti sán, lẹ́búlẹ́bú náà á tò bí ìlà. Òòfà kì í mú alumíníọ̀mù, àwọ̀ pupa tó ń wọ inú sísán ni wọ́n ń fi yẹ ìyẹn wò. Nígbà tí àga bá ń ṣiṣẹ́ lọ, apá kan nínú gíríìpù ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Ní 14 Oṣù Kejìlá 1985, ní Keystone ní Colorado, kẹ̀kẹ́ ńlá orí òkè já níbi tí wọ́n ti jó o. Èèyàn méjì kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Àga yẹn kì í ṣe àlòkù, kò tíì ju bí ọdún kan lọ. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí dá yín lójú, ì báà jẹ́ kékeré tàbí àgbà.

Òpó ló máa ń pẹ́ jù. Mad River Glen, ní Vermont yín níbẹ̀, ní àga ẹlẹ́nìkan tí wọ́n kọ́ ní 1948. Ní 2007 wọ́n tú òpó wọ̀nyẹn, wọ́n fi iyanrìn bó wọn, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n padà sórí kọnkéré tuntun, pẹ̀lú okùn tuntun. Gíríìpù ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Riblet, irú èyí tí wọ́n ń ki ìdí rẹ̀ sáàárín okùn, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni sísún un láti ibì kan sí ibòmíràn lórí okùn, bẹ́ẹ̀ sísún ọ̀hún kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ lórí àga irú èyí. Bí gíríìpù bá pẹ́ lójú kan, ibẹ̀ ni wáyà á ti máa já.

Láti New York
Apá kan òkè wa kò gba ọkọ̀ kọnkéré. Báwo ni ká ṣe gbé kọnkéré àti òpó débẹ̀?

Hẹlikọ́pítà ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa, torí ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gba owó. Kọnkéré mítà onígun mẹ́ta kan wúwo tó kílò 2,400. K-MAX, hẹlikọ́pítà tí wọ́n ṣe fún gbígbé ẹrù, lè gbé bíi kílò 2,700, ṣùgbọ́n agbára yẹn ń dín kù bí ilẹ̀ ṣe ń ga tí ooru sì ń mú. Ìdí òpó tó gba mítà onígun mẹ́ta mẹ́fà kò ní dín ní ìrìn mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń bu kọnkéré súnmọ́ òkè bó bá ti lè ṣe é ṣe.

Ìdí òpó gbọ́dọ̀ jìn ju ibi tí òtútù ń mú ilẹ̀ dì dé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ á máa wú ní ìgbà òtútù, á sì máa ti òpó kúrò ní ìlà. Kí ẹ tó da kọnkéré, ẹ fi pátákó irin tó ní ihò di bóòtù mú sójú kan, kí sọ̀fíyọ̀ sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mìlímítà díẹ̀ péré ló máa ń ba ọjọ́ hẹlikọ́pítà jẹ́: òpó ń rọ̀ lókè, ihò kò bá bóòtù mu, awakọ̀ ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ bu kọnkéré sínú agolo ìdánwò ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan. Agbára tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀, ọjọ́ 28 ló fi ń pé. Bí òtútù bá tètè dé, ẹ fi nǹkan bò ó.

Lẹ́yìn tí òpó bá dúró, ẹ rí i pé apá rẹ̀ dábùú ìlà okùn gẹ́lẹ́. Rólà tó bá wo ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ á máa jẹ rọ́bà ní apá kan, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n látara ìyẹ̀fun dúdú tó máa kún ìdí òpó kí oṣù kan tó pé.

Láti New Hampshire
Kí ló dé tí alábẹ̀wò fi ní ká ní bíréèkì tó ju ọ̀kan lọ? Gíábọ́ọ̀sì wa lágbára.

Ẹ wo ibi tí bíréèkì àkọ́kọ́ wà: lára ọ̀pá tó ń sáré, láàárín mọ́tò àti gíábọ́ọ̀sì. Bí eyín gíá bá ká, tàbí tí ọ̀pá tó jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì bá ṣẹ́, bíréèkì yẹn á di ọ̀pá mú dáadáa, kò sì ní di nǹkan kan mú. Kẹ̀kẹ́ ńlá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó kún fún èèyàn á wá fa okùn sẹ́yìn, á máa yára sí i, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni á sì gbá. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì pàjáwìrì fi gbọ́dọ̀ gbá kẹ̀kẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ mú, tí ohun tí kì í jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Nínú àga àtijọ́, ẹ ó rí èyí tó gbó, tàbí èyí tí ẹnìkan fi wáyà so sókè kó má bàa máa yọ wọ́n lẹ́nu.

Iná rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wáyà kéékèèké, ríléè àti pátákó àtijọ́, ẹ kó o dànù. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tín-ín-rín kan wà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí okùn bá fò kúrò lójú rólà, á ṣẹ́ ọ̀pá náà, iná á gé, àga á dúró. Ẹ fi ọwọ́ gé iná ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò, lórí gbogbo òpó. Ẹ má fi mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ fún ogún.

Láti Vermont, ẹni àkọ́kọ́
Lẹ́yìn tí a bá tò ó tán, báwo ni ìdánwò ẹrù ṣe ń lọ?

Pẹ̀lú omi. Ìdá 110 nínú 100 ẹrù tí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n ń béèrè. Lórí òkè tiyín, àga bíi 46 ló máa wà ní ọwọ́ tó ń gòkè. Èèyàn mẹ́ta jẹ́ kílò 231. Ẹ fi ìdá 10 lé e, kílò 254, ìyẹn lítà omi 254 lórí àga kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ bíi lítà 11,700. Ẹ di ike tẹ́ ẹ rọ omi náà sí mọ́ ìjókòó kí àga má bàa yí. Ẹ gbé díẹ̀ lára wọn sórí ìwọ̀n, torí ike tó ń jò lọ́nà máa ń sọ ìdá 110 di 100 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ọwọ́ tó ń gòkè nìkan ni kẹ́ ẹ gbé ẹrù sí. Bí àga tó ní omi bá yí kọjá lókè, ìwúwo rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ á máa ran mọ́tò lọ́wọ́, ìdánwò á sì di irọ́. Ẹ fi èèyàn sókè tó máa tú omi dànù kí àga tó yípo. Ẹ ṣe é kí omi tó máa dì, kí ike má bàa fọ́.

Pẹ̀lú ẹrù yẹn, mọ́tò gbọ́dọ̀ gbéra láti ìdúró. Kí bíréèkì kọ̀ọ̀kan sì dá a dúró ní òun nìkan, kẹ́ ẹ wọn iye mítà tó sá kó tó dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yí i. Ẹ rìn lábẹ́ okùn nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wọn bí ẹsẹ̀ àga ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó, torí okùn tó gbé ẹrù máa ń tẹ̀, yìnyín á sì tún gbé ilẹ̀ ga. Bí ẹrù bá ti kúrò, ẹ fi sípánà padà sórí gbogbo nọ́ọ̀tì ìdí òpó àti gbogbo gíríìpù. Àwọn kan á ti dẹ̀ díẹ̀.